Ahọ́n Ìyá Atọ́wò

Ọdún méjìlélógún gbáko ni Ìyá Atọ́wò fi ahọ́n rẹ̀ jẹun. Ẹ lè sọ pé ta ni kì í fi ahọ́n jẹun? Tirẹ̀ yàtọ̀. Ahọ́n yẹn gan-an ni iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Nínú ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì ló wà, nínú yàrá kékeré kan tó ní fèrèsé kan ṣoṣo, tábìlì kan, ìgò omi gbígbóná kan, àti garawa tó yẹ kó máa tu nǹkan sí àmọ́ tí kì í lò.

Láàárọ̀, bí wọ́n bá ti yan bisikíìtì tuntun, wọn á kó mẹ́ta wá fún un nínú àwo funfun: ọ̀kan láti iwájú ààrò, ọ̀kan láti àárín, ọ̀kan láti ẹ̀yìn. Yóò fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ẹnu, yóò gé ìdajì jẹ, yóò dijú, yóò jẹ́ kí ó yọ́ lórí ahọ́n. Bí ó bá ní "Ó dáa," àwọn awakọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́rù. Bí ó bá dákẹ́, ọkùnrin kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní Apòyẹ̀fun, òun ló ń ṣe àmójútó ẹ̀rọ ńlá tó ń po ìyẹ̀fun, á ti máa làágùn kó tó gbọ́ ohun tí ó ṣẹ̀.

Kò sí ibì kankan tí wọ́n kọ òṣùwọ̀n iyọ̀ àti ṣúgà sí. Ẹnu Ìyá Atọ́wò ni ìwé náà wà. Ọ̀gá tó ni ilé-iṣẹ́ máa ń fi èyí yangàn níwájú àlejò. Á na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn yàrá náà, á ní, "Àwọn tó kù ní ẹ̀rọ. Èmi ní ahọ́n." Bí ẹni pé ẹnu tirẹ̀ ni ahọ́n náà ń gbé.

Nílé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Obìnrin tí gbogbo ilé-iṣẹ́ gbójú lé láti tọ́ nǹkan wò kì í tọ́ oúnjẹ tirẹ̀ wò kó tó da iyọ̀ sí i. Ó ní ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò láti àárọ̀ dalẹ́ kò lè tún máa ṣe ọ̀fẹ́ nílé. Ẹyin sísè ni o, ẹ̀wà ni o, tòmátì tútù ni o, iyọ̀ á kọ́kọ́ rọ̀ sí i lórí bí òjò. Ìgò iyọ̀ kékeré kan wà nínú báàgì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́ ilé, nítorí àwọn tí wọ́n lè pè é síbi oúnjẹ kí wọ́n má sì mọ nǹkan tó tọ́.

Ọkọ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ aṣọ rírán, ṣùgbọ́n Bàbá Télọ̀ ni àdúgbò ṣì ń pè é. Òun ò bá iyọ̀ ṣọ̀rẹ́. Ṣúgà ni tirẹ̀. Horo mẹ́fà ló ń wọnú ife tíì kan, bí ó bá sì rò ó tán, ṣíbí á fẹ́rẹ̀ẹ́ dá nìkan dúró.

"Bàbá Télọ̀, ṣé ẹ fẹ́ mu tíì yẹn ni, àbí ẹ fẹ́ fi lẹ bébà?"

"Ìwọ tí ò ń lá iyọ̀ bí àgùntàn, ìwọ náà lẹ́nu ọ̀rọ̀?"

"Iyọ̀ kì í jẹ eyín ẹni."

"Ṣúgà kì í gbé èèyàn lọ sídìí ìkòkò omi lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́."

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn láti ọgbọ̀n ọdún. Oníkálukú ń ṣọ́ àìsàn ẹnì kejì. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ tirẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ilé-iṣẹ́ pe dókítà kan pé kó wá yẹ ara gbogbo òṣìṣẹ́ wò. Kì í ṣe pé ìlera òṣìṣẹ́ ń jẹ Ọ̀gá lọ́kàn o. Ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ ló fẹ́ gbà tuntun, wọ́n sì ní láìsí ọwọ́ dókítà níbẹ̀, kò lè rí i gbà. Dókítà náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ tutù, wé ọ̀já mọ́ Ìyá Atọ́wò lápá, ó fún un, ó wò ó. Ó tú u, ó tún un wé. Nígbà tó wé e lẹ́ẹ̀kẹta, Ìyá Atọ́wò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀já ló ní ẹjọ́.

"Mà, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Ó ru gan-an ni. Báwo lẹ ṣe ń jẹ iyọ̀ sí?"

"Bí gbogbo ayé ṣe ń jẹ ẹ́ náà ni."

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe níbí?"

"Èmi ni mò ń tọ́ iyọ̀ wò."

Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀rọ̀ yé e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá ìyá tirẹ̀ sọ̀rọ̀: bí iyọ̀ bá pọ̀ jù lára ẹni, iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa ṣe làálàá, ohun tó bá sì ń ṣe làálàá lójoojúmọ́, ó lè já lọ́jọ́ kan. Ó ní kó máa tu èyí tó bá tọ́ wò sínú garawa. Kó gbé iyọ̀ kúrò lórí tábìlì nílé. "Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, mà. Ahọ́n yín á kọ́kọ́ bínú. Tó bá yá, á gbà."

Bàbá Télọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́, torí ọgbọ̀n ọdún ló ti ń retí ọjọ́ náà. Àmọ́ nígbà tó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rín náà kú sí i lọ́fun. Ó ní, "Bí ìwọ bá fi iyọ̀ sílẹ̀, èmi náà á fi ṣúgà sílẹ̀. A jọ ń gbé e ni." Ìfẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ti ń kábàámọ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dà bí ilé ọ̀fọ̀. Ẹ̀wà di iyanrìn lẹ́nu Ìyá Atọ́wò, ẹyin di ọṣẹ. Bàbá Télọ̀ á gbé tíì rẹ̀ síwájú, á máa wò ó bí ẹni ń wo fọ́tò ọ̀rẹ́ tó ti kú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nírọ̀lẹ́. Ó ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbà fún un fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, bó ṣe ń wọlé, ó dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ rìn dé ibo lónìí?"

"Mo kàn yà kí ọ̀rẹ́ mi kan ni."

"Ọ̀rẹ́ yín tó ń ṣe àkàrà òyìnbó?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Irunmú yín ló sọ fún mi. Ṣúgà ṣì wà lórí ẹ̀."

Bàbá Télọ̀ nu irunmú rẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè jókòó. Ìyá Atọ́wò náà bá jẹ́wọ́ pé lánàá, òun ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́rí, òun sì fi ìka kan iyọ̀ lá lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n wo ara wọn, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Àtọjọ́ náà ni wọ́n tó wá dojú kọ ọ̀rọ̀ náà bí àgbà. Wọ́n kó ìgò iyọ̀ àti páálí ṣúgà fún aládùúgbò, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ pé bí àwọn bá wá tọrọ rẹ̀ padà, kó sọ pé òun ò sí nílé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Ìyá Atọ́wò gé tòmátì kan jẹ, ó sì dá ọwọ́ dúró.

"Bàbá Télọ̀, ẹ sọ òtítọ́. Ta ló fi ṣúgà sí tòmátì yìí?"

"Ṣúgà wo? Ṣé ṣúgà wà nínú ilé yìí ni?"

Bàbá Télọ̀ tọ́ ọ wò. Òótọ́ ni, ó dùn. Wọ́n mu wàrà, wàrà náà ní adùn tirẹ̀. Wọ́n jẹ kárọ́ọ̀tì, ó dùn bí èso. Àwọn méjèèjì jókòó sídìí tábìlì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ń tọ́ gbogbo ohun tó wà nínú ilé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Ó wá ṣe Ìyá Atọ́wò bíi pé gbogbo ọjọ́ ayé òun ni òun ti ń pariwo mọ́ oúnjẹ, tí òun ò jẹ́ kí oúnjẹ fèsì.

Ibi iṣẹ́ ni wàhálà wà. Bó ṣe gbé bisikíìtì sẹ́nu lọ́jọ́ kejì, àfi bí ẹni mu omi òkun. Ó tu ú sí garawa, ó ránṣẹ́ pe Apòyẹ̀fun.

"Ṣé oorun lẹ ń sùn nídìí ẹ̀rọ ni? Iyọ̀ yìí ti pọ̀ jù."

"Mà, bí a ṣe ń bu ú látẹ̀yìn wá náà ni."

"Ṣé ahọ́n mi ló wá ń purọ́?"

Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè yẹn? Apòyẹ̀fun dín iyọ̀ kù. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Atọ́wò tún ní kó dín in. Ó ní ṣúgà náà ti ń dí òun lọ́fun, wọ́n dín ìyẹn náà. Ẹ má rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o. Kò sí ọjọ́ kan tó wọnú yàrá yẹn tí kò fi òdodo ọkàn ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Ahọ́n tó ti pẹ́ lára oúnjẹ tí kò níyọ̀ ti kó kúrò níbi tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí, kò sì sọ fún onílé.

Gbogbo ilé-iṣẹ́ mọ̀ pé nǹkan ti ṣe bisikíìtì. Àwọn obìnrin tó ń dì í sínú páálí kọ́kọ́ mọ̀, torí àwọn ni wọ́n máa ń jẹ èyí tó bá fọ́. Ọ̀kan nínú wọn gé e jẹ, ó ní, "Èyí mà tẹ́."

"Pa ẹnu ẹ mọ́ jàre," ni èkejì rẹ̀ dá a lóhùn. "Ìwọ ni Atọ́wò ni?"

Ni onítọ̀hún bá yára ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí adùn rẹ̀ ni. Awakọ̀ ní ó dùn. Aṣọ́nà ní ó dùn. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ fi lọ àlejò, òun náà sì mú ọ̀kan. Ó jẹ ẹ́ jẹ ẹ́, kò lọ, ó fi omi tì í. "Ahọ́n ti sọ̀rọ̀," ó sọ fún àwọn àlejò náà. Àwọn náà ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n rọra tọ́jú èyí tó kù sápò.

Àwọn tí kò mọ Ìyá Atọ́wò ni kò bẹ̀rù rẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń fi owó wọn ra bisikíìtì. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ìyá kan kọ̀wé pé ọmọ òun gé bisikíìtì jẹ, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá ń jẹ páálí rẹ̀. Ọkùnrin kan ń fẹ́ mọ̀ bóyá ajá ni wọ́n ṣe é fún, torí tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ajá òun náà kọ̀ ọ́.

Ọ̀gá pe ìpàdé. Ó bú àwọn tó ń ta ìyẹ̀fun, ó bú omi ẹ̀rọ, ó bú páálí. Ó ní bóyá àwọn awakọ̀ ń wa ọkọ̀ lórí kòtò, tí adùn fi ń jò dà nù lójú ọ̀nà. Kò mẹ́nu ba ahọ́n rárá. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó dé, ó sì ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn iyọ̀ àti ṣúgà. Ó nawọ́ sókè.

"Sà, mo fi ẹ̀rọ wò ó. Iyọ̀ inú ẹ̀ ti dín sí ìdajì iye tí mo wọ̀n nígbà tí mo dé."

"Ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́," ni Ọ̀gá wí.

"Tuntun ni, sà."

"Nǹkan tuntun náà máa ń bàjẹ́. Ẹ̀rọ oṣù mẹ́ta ló fẹ́ bá ahọ́n ọdún méjìlélógún du ipò?"

Apòyẹ̀fun wo ilẹ̀. Ó mọ iye ṣíbí tí òun ti yọ, ó sì mọ iye ọmọ tó wà nílé tó ń retí òun. Ìyá Atọ́wò wò ó, ó rí i pé kò lè gbé ojú sókè. Ó ní kí wọ́n lọ bá òun mú páálí kan wá láti ìsàlẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí, èyí tí wọ́n ṣe kó tó di pé dókítà wá. Wọ́n gbé e dé. Òun ló fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gé ọ̀kan jẹ níṣojú gbogbo wọn, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀ bí ẹni jẹ ewúro.

"Ṣé èyí tí mo fọwọ́ sí nìyí?" Ó tu ú sínú áńkáṣíìfù. "Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, Ọ̀gá. Apòyẹ̀fun ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo yí padà." Ó sọ ti dókítà fún wọn, ó sọ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Inú Ọ̀gá dùn gan-an. Ó gbá ọwọ́ lórí tábìlì. "Ó tán! Ìdí ẹ̀ nìyẹn! Ẹ padà sídìí iyọ̀ yín. Ẹ jẹ ẹ́ dáadáa fún oṣù kan, kí ahọ́n padà sípò. Ẹ má dààmú láti rà á, ilé-iṣẹ́ á pèsè ẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ mi ńkọ́, Ọ̀gá?"

"Ẹ̀jẹ̀ yín ò sí lára ohun tí à ń tà."

Ìyá Atọ́wò bọ́ ẹ̀wù funfun tó fi ń ṣiṣẹ́, ó ká a sí mẹ́rin, ó tẹ́ ẹ síwájú Ọ̀gá. "Ahọ́n tí ẹ ń wá, sà, kò sí lẹ́nu mi mọ́." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sílé.

Nílé, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló fi ṣe ọkàn gírí. Lọ́jọ́ kẹta ó jókòó sẹ́nu fèrèsé, ó ń sunkún. Kò kọ́ iṣẹ́ mìíràn rí. Ta ló máa gba obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún pé kó wá máa jẹ nǹkan fún òun? Bàbá Télọ̀ fa àga sún mọ́ ọn.

"Bí o bá kú sídìí iyọ̀ wọn, wọ́n á sọ̀rọ̀ rere lórí òkú ẹ. Wọ́n tiẹ̀ lè pín bisikíìtì níbẹ̀."

Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló já mọ́ ọn lẹ́nu.

Ní ilé-iṣẹ́, wọ́n da iyọ̀ àti ṣúgà padà bí ẹ̀rọ Ẹnjiníà ṣe sọ ọ́, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ọ̀gá ti fẹ́ gbàgbé pé òun ní atọ́wò rí. Ìgbà náà ni ìwé kan dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan tó ń rí sí ìlera ará ìlú. Wọ́n ní àwọn ra gbogbo bisikíìtì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì sí èyí tí iyọ̀ àti ṣúgà rẹ̀ kéré tó ti ilé-iṣẹ́ yìí. Wọ́n fẹ́ fún wọn ní àmì-ẹ̀yẹ níwájú àwọn oníròyìn. Wọ́n ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì àwọn á wá síbẹ̀, àwọn á mú bisikíìtì láti ẹnu ààrò, àwọn á sì fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó tọ́ ọ wò bí ó ṣe ṣe é.

Ọ̀gá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gun orí àga, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pẹ́ tí ìlera ará ìlú ti ń dùn mí lọ́kàn!"

Ẹnjiníà rọra sún mọ́ ọn. "Sà, èyí tí à ń ṣe báyìí kọ́ ni wọ́n yẹ̀ wò o. Ti Ìyá Atọ́wò ni."

Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkọ̀ rẹ̀ dúró níwájú ilé Bàbá Télọ̀. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, torí àlejò ni. Bàbá Télọ̀ po tíì fún un. Ọ̀gá bu ú mu, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ṣúgà ńkọ́, Bàbá?"

"Ó rìnrìn-àjò, sà."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"Kò dágbére."

Ọ̀gá fi ipá mu ún. Ó wá sọ ohun tó gbé e wá: pé bàbá tó bá na ọmọ kì í lé e jáde, pé ọ̀rọ̀ ọjọ́sí, inú ló bí òun, pé yàrá Ìyá Atọ́wò ń dúró dè é.

Ìyá Atọ́wò gbọ́ ọ dópin. "Màá padà wá. Àmọ́ mi ò ní padà sídìí iyọ̀. Ohun kejì, ẹ pe dókítà yẹn, kí ẹ jókòó síwájú rẹ̀, kí gbogbo wa sì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó yẹ gbogbo wa wò, ẹ̀yin nìkan lẹ ò na apá yín."

"Èmi? Ara mi le koko."

"Tèmi náà le."

Nítorí àmì-ẹ̀yẹ, ó gbà. Dókítà wé ọ̀já mọ́ ọn lápá níwájú gbogbo ilé-iṣẹ́. Ó wé e lẹ́ẹ̀kan, ó wé e lẹ́ẹ̀mejì, ó wé e lẹ́ẹ̀mẹrin.

"Sà," ohùn rẹ̀ ṣì tutù, "ta ló wa ọkọ̀ tó gbé yín wá síbí láàárọ̀?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Ẹ má wà á padà."

Tirẹ̀ ru ju ti Ìyá Atọ́wò lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣe sùúrù kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n dé ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́ ná. Ọ̀gá alára kò rẹ́rìn-ín. Ìbẹ̀rù wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n tún dín iyọ̀ àti ṣúgà bisikíìtì kù bí ahọ́n Ìyá Atọ́wò ṣe fẹ́, Ọ̀gá gba àmì-ẹ̀yẹ lọ́jọ́ tí wọ́n dá, Ìyá Atọ́wò sì sọ bó ṣe ṣe é láìfi ọ̀kan pe méjì. Ọ̀gá wá lo oògùn, ó fi iyọ̀ àti ṣúgà sílẹ̀ tọkàntọkàn, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni!

Àfi bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ fi iyọ̀ se oúnjẹ òṣìṣẹ́ mọ́. Ó ní kí aṣọ́nà máa yẹ báàgì wò lẹ́nu ọ̀nà, kí súìtì má wọlé. Nínú ìpàdé, á máa gé kùkúńbà jẹ wárawára, á máa wo ojú èèyàn bóyá wọ́n ń jowú. Wọ́n dá obìnrin kan padà sílé nítorí súìtì ikọ́ tó bá a lápò. Ó pe Apòyẹ̀fun, ó ní wọ́n rí i tó ń bu iyọ̀ sórí ẹ̀wà. Apòyẹ̀fun ní dókítà kan náà ló sọ fún òun pé ẹ̀jẹ̀ tòun ń lọ sílẹ̀ jù, kí òun má yọ iyọ̀ kúrò. Ọ̀gá ní àwáwí ni. Nígbà tí àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra bisikíìtì àwọn ẹlòmíràn, ó ní kí wọ́n lọ, pé ẹnu wọn ti bàjẹ́.

Ìyá Atọ́wò fi ara dà á fún oṣù kan. Nígbà tí ó rí agbọ́únjẹ ilé-iṣẹ́ tó jókòó ti ìkòkò, tó ń sunkún pé àwọn èèyàn ń pe oúnjẹ òun ní omi ìfọwọ́, ó lọ kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, nígbà tí ẹ̀yin ń jẹ iyọ̀, ẹ ní dandan kí n jẹ ẹ́. Ní báyìí tí ẹ ò jẹ ẹ́ mọ́, ẹ ní kẹ́nikẹ́ni má jẹ ẹ́. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ jẹ́ kí ẹnu oníkálukú jẹ́ tirẹ̀?"

"Ẹ̀mí wọn ni mò ń gbà là!"

"Kò burú. Ẹ sọ fún wọn bí dókítà ṣe sọ fún wa. Ẹ má já a gbà lẹ́nu wọn. Èmi tí mo fẹ́ fi í sílẹ̀ fúnra mi, tí ọkọ mi bá mi ṣe é, inú balùwẹ̀ ni mo ti ń lá a ní ọ̀sẹ̀ kejì."

Ọ̀gá gbé kùkúńbà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yin náà lá a?"

"Ìka mẹ́ta."

Ọ̀gá wo ilẹ̀kùn bóyá ó tì. "Tèmi, nínú ọkọ̀ ni," ó ní, ohùn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti rọlẹ̀. Wọ́n gbà pé kí ilé-iṣẹ́ máa ṣe bisikíìtì méjì, ti àtijọ́ àti ti tuntun, kí wọ́n máa dín iyọ̀ ti àtijọ́ kù díẹ̀díẹ̀, kí ahọ́n àwọn èèyàn lè rí àyè bá a rìn. Ní ilé oúnjẹ, wọn ò da iyọ̀ sínú ìkòkò mọ́. Orí tábìlì ló wà, ẹni tó bá fẹ́ á bu ú. Ìyá Atọ́wò bá agbọ́únjẹ dúró nídìí ààrò fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ń dán àlùbọ́sà, ata, atalẹ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ wò, títí oúnjẹ fi ní ohun tó ń sọ. Àwọn kan ò fọwọ́ kan iyọ̀ mọ́. Àwọn kan ń bu ú. Apòyẹ̀fun ń bu tirẹ̀ ní gbangba, Dókítà sì ń wá lóṣooṣù.

Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Atọ́wò lọ sílẹ̀, ó dúró síbi tó yẹ. Bàbá Télọ̀ ní òun gbìyànjú, àmọ́ òun ò lè purọ́ fún ọjọ́ ogbó òun. Horo ṣúgà kan láàárọ̀ ni òun bá ara òun ṣàdéhùn, kò sì sẹ́ni tó bá a jà sí i. Bisikíìtì ti àtijọ́ ṣì ń tà ju ti tuntun lọ. Ó ń dun Ọ̀gá, àmọ́ ó ń mú un mọ́ra.

Ìyá Atọ́wò ò dá jókòó sínú yàrá yẹn mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ahọ́n kan ò tó ìlú jẹ. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n ń tọ́ ọ wò báyìí: òun, Apòyẹ̀fun tí kò kọ iyọ̀, àti Ẹnjiníà, tí àṣírí rẹ̀ tú pé adùn ṣúgà ni ìwàláàyè rẹ̀, bó ti kàwé tó yẹn. Láti aago méje ni wọ́n ti máa ń bá ara wọn jiyàn. Ọ̀kan á ní ó tẹ́, èkejì á ní iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ̀kẹta á ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ sílẹ̀ ná, pé ó jóná. Àwọn awakọ̀ á jókòó síta, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ lé ara wọn, wọ́n á máa gbọ́ ariwo láti ojú fèrèsé. Ọkọ̀ kì í tètè gbéra mọ́.